Bí Àwọn Ọ̀dọ́langba Ṣe Lè Darí Iṣẹ́ Àtúnṣe Àdúgbò Láti Ilé-Ìkàwé

Ẹ̀yin ọ̀dọ́langba tí ọjọ́ orí yín wà láàárín ọdún 13 sí 18, tí ẹ rí ohun kan ní àdúgbò yín tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, tí ẹ sì ṣe tán láti fi àkókò yín tún un ṣe láìgba owó, ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé tí yóò dúró tì yín náà lè rí ohun mú lò nínú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni gbogbo ìgbésẹ̀ inú rẹ̀ dá lé: kí iṣẹ́ náà jẹ́ ti ọ̀dọ́ ní tòótọ́, láti orí yíyan ìṣòro dé orí ìṣirò owó tí a ná. Iṣẹ́ tí àwọn àgbà ti pinnu tán kí wọ́n tó ránṣẹ́ pe àwọn ọ̀dọ́ láti wá gbé àga kì í ṣe iṣẹ́ tí ọ̀dọ́ darí, bí ó ti wù kí fọ́tò ọjọ́ náà dára tó.

Ìdí tí ilé-ìkàwé fi yẹ fún irú iṣẹ́ yìí

Ẹgbẹ́ tuntun kì í sábà ní yàrá ìpàdé tàbí àdírẹ́sì, àwọn ènìyàn kì í sì í mọ ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ilé-ìkàwé ní gbogbo nǹkan wọ̀nyí. Ó ní ibi tí a lè jókòó sí láìsanwó, ó ní wákàtí tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ń wà ní ṣíṣí, ó ní tábìlì tí àjèjì lè dúró níwájú rẹ̀ kí ó sì béèrè ohun tí kò yé e, orúkọ rẹ̀ kò sì so mọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí ẹ̀sìn kankan. Ohun ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ti lè rò lọ, nítorí pé nígbà tí ọ̀dọ́ bá kan ilẹ̀kùn, ohun tí onílé kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ ni ẹni tí ó rán an.

UNESCO, ìyẹn àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fún ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì àti àṣà, gbé ìwé ìkéde kan jáde lórí ilé-ìkàwé gbogbogbòò ní ọdún 1949, wọ́n tún un ṣe ní 1972, àjọ náà àti IFLA, ìyẹn ẹgbẹ́ àgbáyé fún àwọn ilé-ìkàwé, sì jọ tún un kọ ní 1994 àti 2022. Ìkéde náà sọ pé gbogbo ènìyàn ni ilé-ìkàwé wà fún, láìka ọjọ́ orí, ẹ̀yà, akọ tàbí abo, ẹ̀sìn, orílẹ̀-èdè, èdè tàbí ipò sí. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé, ti ọdún 1989, sì sọ nínú abala 12 pé ọmọ tí ó lè ní èrò tirẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́ lórí ọ̀rọ̀ tí ó kàn án, kí a sì ka èrò náà sí gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí àti òye ọmọ náà bá ṣe tó. Kò pọn dandan kí ẹ máa ka àwọn ìwé wọ̀nyí sí ẹnikẹ́ni létí, ṣùgbọ́n ó dára kí ẹ mọ̀ pé nígbà tí ẹ bá gbé ètò yín wọ ilé-ìkàwé, àánú kọ́ ni ẹ wá tọrọ.

Ààlà láàárín ọ̀dọ́ àti àgbà

Ní ọdún 1992, Roger Hart, onímọ̀ kan tí ó ń ṣèwádìí lórí ìgbé ayé ọmọdé, ṣàlàyé fún UNICEF, ìyẹn àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, bí àwọn ọmọdé ṣe ń kópa nínú ọ̀rọ̀ ìlú nípa yíya àkàbà kan tí ó ní ìtẹ̀sẹ̀ 8. Ní ìtẹ̀sẹ̀ mẹ́ta ìsàlẹ̀ ni a ti rí àwọn ọmọ tí a ń lò láìjẹ́ kí ohun tí wọ́n ń ṣe yé wọn, àwọn tí a kàn fi ṣe ọ̀ṣọ́, àti àwọn tí a pè sí ìpàdé kí a lè sọ pé ọmọdé wà níbẹ̀. Hart kò ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ìkópa rárá. Ohun tí ó yẹ kí ẹ fiyè sí jù ni pé iṣẹ́ tí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n sì darí fúnra wọn kọ́ ni ó fi sí orí òkè pátápátá, ìtẹ̀sẹ̀ keje ni ìyẹn wà. Èyí tí ó fi sí ìkẹjọ ni iṣẹ́ tí èrò rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wá, tí àwọn àti àgbà sì jọ ń pinnu lórí rẹ̀. Mo fara mọ́ ọn, nítorí pé ọwọ́ àgbà ni kọ́kọ́rọ́ yàrá wà, òun ni ó mọ òfin ilé, òun náà ni wọn yóò sì pè nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́.

Nítorí náà, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jókòó pẹ̀lú òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé tí yóò máa bá yín ṣe, kí ẹ sì kọ ẹni tí ó ní ìpinnu kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ojú kan. Ó tọ́ kí yíyan ìṣòro, orúkọ ẹgbẹ́, pípín iṣẹ́ àti ohun tí ẹ ó sọ fún àdúgbò wà lọ́wọ́ ọ̀dọ́ nìkan. Owó, ọjọ́ tí a ó pe gbogbo ènìyàn, àti ìrìn àjò síta jẹ́ ohun tí a jọ ń pinnu. Ààbò, òfin tí ó jẹ mọ́ ọmọdé àti ìgbà tí a ń ti ilé jẹ́ ti ilé-ìkàwé nìkan, ẹ má sì bá a jà sí i. Kí tọ̀tún-tòsì fọwọ́ sí ìwé náà. Mo mọ̀ pé ó lè dà bí àṣejù fún ẹgbẹ́ kékeré, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìjà tí ó ń tú irú ẹgbẹ́ yìí ká ni ìwé yìí ì bá ti pa kí ó tó ṣẹlẹ̀.

Lílọ bá alákòóso ilé-ìkàwé

Ẹ béèrè ọjọ́ àti àkókò ṣáájú, ẹ má kàn já lù ú ní wákàtí tí èrò pọ̀. Kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta lọ, kí ẹ mú ìwé ojú kan dání tí ó sọ ẹni tí ẹ jẹ́, ohun tí ẹ ṣàkíyèsí, bí àkókò tí ẹ fẹ́ lò ti pọ̀ tó, àti ohun tí ẹ ń fẹ́ lọ́dọ̀ ilé-ìkàwé. Ní ìpàdé àkọ́kọ́ yìí, ẹ má sọ̀rọ̀ owó. Ẹ béèrè yàrá ìpàdé, òṣìṣẹ́ kan tí ẹ lè máa kàn sí, àti àyè lórí pátákó ìfilọ̀. Ẹ tún béèrè bóyá òfin ilé béèrè fún ìwé ìyọ̀ǹda òbí tàbí alágbàtọ́, nítorí ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń gba àkókò kí gbogbo ìwé náà tó padà dé.

Bí ó bá sọ pé kò ṣeé ṣe, ẹ bi í léèrè ohun tí yóò mú kí ó ṣeé ṣe. Ní ìgbà mìíràn, yàrá nìkan ni kò sí ní ọjọ́ tí ẹ fẹ́, tàbí òṣìṣẹ́ kò pọ̀ tó. Ẹ lè kọ́kọ́ yọ̀ǹda ara yín fún ètò tí ó ti wà nílẹ̀, bíi wákàtí tí a máa ń kàwé fún àwọn ọmọ kékeré, kí wọ́n lè mọ̀ yín kí ẹ tó gbé tiyín dé.

Ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀

Ènìyàn mẹ́fà sí mẹ́wàá tó. Ẹ da àwọn ọmọ ọdún 13 àti 14 mọ́ àwọn tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ilé-ẹ̀kọ́, nítorí ẹgbẹ́ tí gbogbo ọmọ inú rẹ̀ jẹ́ ojúgbà yóò tú lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n bá ṣe ìdánwò àṣekágbá. Ẹ lè máa pààrọ̀ ẹni tí ń darí ìpàdé, ṣùgbọ́n ẹ má máa pààrọ̀ akọ̀wé àti akápò lemọ́lemọ́. Ohun mẹ́ta ni àkọsílẹ̀ ìpàdé gbọ́dọ̀ ní: ohun tí a pinnu, ẹni tí yóò ṣe é, àti ọjọ́ tí yóò parí rẹ̀. Àwọn àlàyé gígùn lórí ẹni tí ó sọ èyí àti ẹni tí ó fèsì kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Bíbéèrè lọ́wọ́ àdúgbò

Ibí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń kánjú, ibí sì ni mo fẹ́ kí ẹ ti lo àkókò jù. Wọ́n á ti pinnu pé ọgbà òdòdó ni àdúgbò nílò, wọ́n á gbin ín, ẹnikẹ́ni kò sì ní bomi rin ín lẹ́yìn oṣù méjì. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ fún wíwò àti bíbéèrè nìkan.

Ẹ kọ́kọ́ rìn yí àdúgbò ká ní méjì-méjì, ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ní ọjọ́ iṣẹ́ àti ní òpin ọ̀sẹ̀. Ohun tí ojú yín rí ni kí ẹ kọ sílẹ̀, kì í ṣe ìtumọ̀ tí ẹ fún un: àga ìta tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí, ẹnu ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ arọ kò lè gbà wọlé, ibi tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ti ń sá kọjá láàárín ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Ìbéèrè mẹ́ta péré tó: kí ni ó ń dá yín lágara jù ní àdúgbò yìí, kí ni ẹ ti gbìyànjú láti ṣe sí i, ta ni ó sì tún yẹ kí a lọ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ ṣọ́ra fún ìbéèrè tí ó ti gbé ìdáhùn dání. Bí ẹ bá bi àgbàlagbà kan pé ṣé kò rò pé ọgbà yóò dára níbí, yóò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni kí ó má baà dójú tì yín, ẹ ó sì rò pé ẹ ti gbọ́ èrò rẹ̀.

Ìwé ìbéèrè tí a kàn kó sórí tábìlì ilé-ìkàwé kò lè gbọ́ ohùn ẹlòmíràn ju ti àwọn tí ń wá sí ilé-ìkàwé lọ. Ẹ wá àwọn tí kì í wá kàn: àwọn tí ń ṣiṣẹ́ òru, àwọn abiyamọ, àwọn tí ó ní ìpèníjà ara, àwọn tí kò mọ̀wé kà, àti àwọn tí èdè wọn kì í ṣe èdè tí ọ̀pọ̀ ènìyàn àdúgbò ń sọ. Bí ẹnìkan nínú yín bá gbọ́ èdè wọn, ohun ìní ńlá ni ìyẹn jẹ́ fún ẹgbẹ́.

Ẹ má gbàgbé àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé pẹ̀lú. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn ń wá tí wọn kò rí. Ẹ bi wọ́n léèrè ìbéèrè tí ó máa ń padà wá ṣáá, ṣùgbọ́n ẹ má béèrè ẹni tí ó yá ìwé wo, nítorí àṣírí òǹkàwé wà lára ohun tí iṣẹ́ wọn béèrè kí wọ́n dáàbò bò. Bí ilé-ìkàwé bá ní ibi tí ó ń kó ìwé ìtàn àdúgbò sí, máàpù àtijọ́, ìwé ìròyìn àti àkọsílẹ̀ ìpàdé ìlú, ẹ fi ọ̀sán kan yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan ti gbìyànjú ohun tí ẹ ní lọ́kàn rí, kí ẹ sì rí ohun tí ó dá wọn dúró.

Nígbà tí ìdáhùn bá ti pọ̀ tó, ẹ kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí ìwé pélébé, ẹ tẹ́ gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, kí ẹ sì kó àwọn tí ó jọra pọ̀. Ẹ wá sọ ìṣòro tí ẹ mú nínú gbólóhùn kan tí ó dárúkọ ẹni tí ó kàn, ohun tí ó ṣòro fún un àti ìdí rẹ̀. “Àwọn ènìyàn kò mọ íntánẹ́ẹ̀tì lò” kò tíì di ìṣòro tí ẹ lè yanjú. “Àwọn arúgbó tí ń dá gbé kò lè gba ọjọ́ tí wọn yóò rí dókítà, nítorí pé orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni ilé ìwòsàn ti ń gba orúkọ báyìí” ti di iṣẹ́, nítorí a mọ ẹni tí a ó wá rí àti ohun tí yóò yí padà.

Yíyan iṣẹ́ tí agbára yín ká

Ẹ fi ohun mẹ́rin wọn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: bóyá àyípadà lè hàn láàárín oṣù mẹ́ta, bóyá ó gba àṣẹ tí ó lè pẹ́, bóyá ẹnikẹ́ni yóò fara pa bí ẹ bá dáwọ́ dúró láàárín, àti bóyá inú yín dùn sí i. Ẹ̀yin kan yóò fẹ́ fo ti ìkẹyìn yìí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí kò wu ẹni kì í kọjá ọ̀sẹ̀ kẹta.

Kì í ṣe dandan kí èrò náà jẹ́ tuntun. Ní ọdún 2000 ni Human Library bẹ̀rẹ̀ ní Denmark, níbi tí òǹkàwé ti ń “yá” ènìyàn dípò ìwé, kí ó lè bá ẹni tí ìgbé ayé rẹ̀ yàtọ̀ sí tirẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní 2009, Martine Postma ṣètò Repair Café àkọ́kọ́ ní Amsterdam, níbi tí àwọn olùyọ̀ǹda ti ń bá àwọn ará àdúgbò tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe. Méjèèjì bá yàrá ilé-ìkàwé mu. Bí ìṣòro yín bá jẹ mọ́ ọ̀nà àti ilé, ẹ lè lo OpenStreetMap, máàpù ọ̀fẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2004 tí ẹnikẹ́ni lè fi nǹkan kún, láti sàmì sí ẹnu ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà tàbí ibi tí iná ojú pópó wà. Máàpù tí ó péye lórí iná tí kò tàn ṣòro fún aláṣẹ láti jiyàn sí ju ẹ̀hónú lásán lọ.

Àpẹẹrẹ kan: ìrànlọ́wọ́ lórí fóònù fún àwọn àgbà

Ẹ jẹ́ kí n tú iṣẹ́ kan palẹ̀, nítorí ó rọrùn lójú, àwọn ọ̀dọ́ sì máa ń ṣì í ṣe. Ẹ fi wákàtí méjì sílẹ̀ lọ́sẹ̀, kí ọ̀dọ́ kan jókòó ti àgbà kan, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 40. Ọwọ́ ẹni tí ó ni fóònù ni kí fóònù wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ẹ bá gbà á, tí ìka yín fò lórí rẹ̀, tí ẹ sì dá a padà pé ó ti tán, ẹ ti ṣe iṣẹ́ náà fún un, ẹ kò kọ́ ọ ní nǹkan kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ó bá wá, kì í ṣe láti orí ẹ̀kọ́ tí ẹ ti pèsè sílẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ rí fọ́tò ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò nílò àlàyé lórí bí fóònù ṣe ń tọ́jú nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ pe ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́rọ̀ ara rẹ̀, kí ẹ sì bá a kọ ọ́ sílẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà fún un láti mú lọ sílé. Nígbà tí ó bá fẹ́ tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, ẹ yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ báńkì rárá. Ẹ sọ fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ẹ kò ní àṣẹ láti ṣe é, kí ẹ sì júwe báńkì rẹ̀ fún un. Ẹ kọ ìbéèrè tí ó mú wá sínú ìwé ẹgbẹ́ láìkọ orúkọ rẹ̀. Àwọn kan yóò wá nítorí pé wọ́n fẹ́ ẹni tí wọn yóò bá sọ̀rọ̀, ìyẹn náà kò burú, ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún un nínú ètò àkókò yín.

Owó àti ààbò

Ẹ jẹ́ kí owó ẹgbẹ́ gba inú àkáǹtì ilé-ìkàwé, kí ó má wà lọ́wọ́ ọ̀dọ́ kankan, kí ẹni méjì máa fọwọ́ sí ohun tí a bá ná, kí a sì tọ́jú gbogbo ìwé ẹ̀rí ọjà. Ó dára kí ẹ tọrọ ohun èlò ju kí ẹ tọrọ owó lọ.

Ní ti ààbò, kí ọ̀dọ́ kankan má dá wà pẹ̀lú àgbàlagbà nínú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má dá lọ sí ilé onílé, kí ẹ má sì fún àwọn tí ẹ ń ràn lọ́wọ́ ní nọ́ńbà fóònù yín. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó ya fọ́tò ẹnikẹ́ni, ti ọmọdé sì gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ òbí rẹ̀ wá.

Ìdánwò kékeré àti ìṣirò èso

Ẹ má fi ayẹyẹ ńlá bẹ̀rẹ̀. Ẹ pe ènìyàn márùn-ún péré ní ọjọ́ kan, kí ẹ sì wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀: bóyá wọ́n rí yàrá náà, bóyá wọ́n gbọ́ yín dáadáa, bóyá àkókò tó. Ní ọjọ́ náà gan-an, kí oníkálukú tó lọ sílé, ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ yí padà, torí pé yóò ti di ìgbàgbé bí ó bá di ọjọ́ kejì. Ẹ wo kàlẹ́ńdà ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ kí ẹ tó dá ọjọ́ kankan. Fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ yan ẹnìkan tí yóò rọ́pò ẹni àkọ́kọ́ bí kò bá lè wá.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni ó yẹ kí ẹ ti kọ bí nǹkan ṣe rí sílẹ̀, nítorí lẹ́yìn rẹ̀ kò sí bí ẹ ó ṣe fi hàn pé ohunkóhun yí padà. Ohun tí ó kan ìṣòro gan-an ni kí ẹ máa kà. Iye ìwé ìfilọ̀ tí ẹ pín kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n iye àwọn tí ó parí ohun tí wọ́n bá wá, àti iye àwọn tí ó lè dá a ṣe nígbà tí wọ́n padà wá, sọ ohun tí ó tó. Ẹ kọ ìròyìn ojú ìwé kan tàbí méjì, kí ẹ fi ohun tí kò ṣiṣẹ́ sínú rẹ̀, kí ẹ sì mú un lọ bá alákòóso ilé-ìkàwé àti aláṣẹ ìbílẹ̀. Àwọn tí ẹ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ gbọ́ àbájáde rẹ̀, kódà bí ìṣòro tí wọ́n dárúkọ kò bá sí lára ohun tí ẹ yàn.

Gbígbé iṣẹ́ lé àwọn tí ń bọ̀ lọ́wọ́

Láti oṣù àkọ́kọ́ ni kí ọmọ kékeré kan ti máa tẹ̀lé akọ̀wé, kí òmíràn máa tẹ̀lé akápò. Kí fáìlì kan wà ní ilé-ìkàwé tí ó ní àkọsílẹ̀ ìpàdé, àpẹẹrẹ lẹ́tà, ìṣirò owó, àti orúkọ ọ́fíìsì tí ẹ ti gba àṣẹ. Gbogbo àkáǹtì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ bá ṣí gbọ́dọ̀ wà ní orúkọ ilé-ìkàwé, nítorí bí ó bá wà lórí fóònù ẹnìkan, yóò bá a lọ ní ọjọ́ tí ó bá kó kúrò ní àdúgbò. Bí kò bá sí ẹni tí yóò tẹ̀síwájú, ẹ kéde ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí ní oṣù kan ṣáájú, kí ẹ dá ohun tí ẹ yá padà, kí ẹ sì sọ ibòmíràn tí àwọn tí ẹ ń ràn lọ́wọ́ lè lọ.

Ẹni tí ó bá ń fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ yẹ kí ó gba lẹ́tà láti ọwọ́ ilé-ìkàwé, èyí tí ó lè mú lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga tàbí ibi tí ó ti ń wá iṣẹ́. Ẹ bá òṣìṣẹ́ náà kọ àkọ́kọ́-kọ rẹ̀, nítorí kò sí níbi gbogbo ìpàdé yín. Kí lẹ́tà náà sọ iye wákàtí, ipò tí ọ̀dọ́ náà dì mú, ìpinnu kan tí ó darí, àti ohun tí ó jáde nínú rẹ̀.